Ọ̀pá Iwájú Ìbaaka

Ìwọ tí ìwé yìí bá dé ọwọ́ rẹ, gbọ́ ọ̀rọ̀ kan kí o tó kà á síwájú. Bí o bá ń wa ọkọ̀ tí kì í ṣe tìrẹ, má fọwọ́ sí ohunkóhun láàárọ̀ kí o tó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Bẹ̀rẹ̀. Kúnlẹ̀ bó bá gbà bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kí ṣòkòtò rẹ dọ̀tí. Aṣọ tó dọ̀tí, ọṣẹ á mú un. Orúkọ tó bá dọ̀tí, mi ò tíì rí ọṣẹ rẹ̀ lọ́jà. Mo ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́ o, nítorí ògiri létí.

Awakọ̀ kan wà ní iléeṣẹ́ àwọn tó ń wọn ilẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń gbé àwọn awọnlẹ̀ lọ sórí òkè, àtàwọn, àti ọ̀pá wọn, àti okùn wọn, àti ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń fi ojú kan wo inú rẹ̀. Rọra ni gbogbo wọn ń pè é, nítorí kò sí òkúta tó bá pàdé lọ́nà tí kì í kọ́kọ́ kí. Wọn a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ìgbín bá fẹ́ kọ́ ọkọ̀ wíwà, ọ̀dọ̀ Rọra ni kó wá. Òun náà á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ṣé ẹ ti gbọ́ pé ìgbín já sí kòtò rí?"

Jíìpù tó ń wà, Ìbaaka ni wọ́n sọ ọ́. Ó ti gbó, ó ga kúrò nílẹ̀, ó lè gbé ẹrù gun ibi tí ẹsẹ̀ èèyàn ń bẹ̀rù, kò sì ráhùn rí.

Òfin kan wà níléeṣẹ́ náà tí kò sí níbòmíì tí mo mọ̀. Ìwé fífẹ̀ kan wà lọ́wọ́ Bàbá Géètì, àgbàlagbà tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ọkọ̀ jáde á kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, á fọwọ́ sí i. Bó bá ti fọwọ́ sí i, ó ti gbà pé ara ọkọ̀ le koko nìyẹn. Àbùkù yòówù tí wọ́n bá rí lẹ́yìn náà, tirẹ̀ ni. Bó bá rí àbùkù kó tó fọwọ́ sí i, wọn á wo orúkọ tó wà lókè tirẹ̀, wọn á bi ìyẹn léèrè. Láti ọdún mọ́kàndínlógún, Rọra kò fọwọ́ sí i rí láìjẹ́ pé ó ti yí ọkọ̀ po lẹ́ẹ̀mejì, tó sì ti wo abẹ́ rẹ̀.

Àfi Mọ́ńdè kan. Òjò winniwinni ti rọ̀ mọ́jú, ilẹ̀ àgbàlá tutù. Àwọn awọnlẹ̀ mẹ́ta ti jókòó sínú ọkọ̀, wọ́n ń pariwo pé oòrùn á bá àwọn nísàlẹ̀ òkè. Rọra ṣì ń wá ibi gbígbẹ tó máa fi orúnkún sí nígbà tí Bàbá Géètì fúnra rẹ̀ gbé ìwé náà wá bá a lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ọkùnrin yìí kì í dìde lórí àga rẹ̀, kódà bí ọba bá ń kọjá. Ó gbé ìwé wá, ó gbé bírò wá, ó ń wo ilẹ̀.

"Ó yá, ọmọ mi, fọwọ́ sí i kí wọ́n máa lọ. Ariwo wọn ti pọ̀ jù."

Rọra fọwọ́ sí i. Ó yẹ kó wo ojú bàbá náà. Kò wò ó.

Kò tíì wa ọkọ̀ ju ogójì ìṣísẹ̀ lọ tí sítíárìn fi ń fà á lọ́wọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí ìgbà tí ewúrẹ́ bá rí ewé. Ohun kan ń dún nísàlẹ̀, kọ́, kọ́, kọ́. Ó dúró. Ó sọ̀ kalẹ̀. Ẹsẹ̀ ọkọ̀, táyà iwájú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí èrò ń jókòó sí, ti dà sínú lókè, bí ẹni tí orúnkún rẹ̀ ń lura. Ó dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀ nígbà yìí, nígbà tí kò wúlò mọ́. Ọ̀pá irin gbọọrọ tó so ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì pọ̀ ti tẹ̀ bí ìka tí wọ́n fi ń pe èèyàn. Ojú ibi tí òkúta ti họ ọ́ ń dán. Ọ́ìlì ń kán tó, tó, tó.

Ó padà lọ bá Bàbá Géètì pẹ̀lú ẹrẹ̀ láyà.

"Bàbá, ta ló gbé Ìbaaka jáde lópin ọ̀sẹ̀?"

"Orúkọ ta lo rí nínú ìwé?"

"Tèmi. Ti Fúráìdè, àti ti àárọ̀ yìí."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìwé kì í parọ́."

"Ìwé kì í parọ́, Bàbá. Ẹni tó ń ṣọ́ ìwé ńkọ́?"

Bàbá Géètì ti ìwé náà bọ abẹ́ àga rẹ̀. "Rọra," ó ní, "ọmọ mẹ́fà ni mo bí."

Wọ́n ti Ìbaaka lọ sí ìsọ̀ àwọn mẹkáníìkì lẹ́yìn ọ́fíìsì. Obìnrin ló ń ṣe olórí ibẹ̀. Màmá Jáàkì ni wọ́n ń pè é, ó ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún, abẹ́ ọkọ̀ ló sì ń wọ̀ bí ẹni ń wọ yàrá ara rẹ̀. Ó dùbúlẹ̀ sórí pákó tó ní táyà kéékèèké, ó yí wọlé, ó ku ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì níta.

"Rọra!"

"Mà!"

"Ta lo bá jà?"

"Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà, Màmá."

"Ẹni tó ṣe eléyìí bá òkúta jà ni. Òkúta ló sì dá a." Ó yí jáde, ó ń nu ọwọ́. "Gbọ́. Kì í ṣe kòtò ló ṣe é. Ọkọ̀ yìí gun òkè dé ibì kan, kò lè lọ mọ́, ó wá yọ̀ padà sẹ́yìn, ó fi ọ̀pá jókòó lórí òkúta. Rọ́bà tó ń dá ọ́ìlì dúró ti ya. Àfi kí wọ́n pààrọ̀ ọ̀pá náà."

"Ṣé ẹ ò lè fi iná tọ́ ọ ni?"

"Kí n fi iná tọ́ ọ, kó wá kán lórí òkè pẹ̀lú èèyàn mẹ́rin nínú? Ìwọ gan-an lo máa jókòó síwájú o."

Ibi tí wọ́n dé nìyẹn nígbà tí Ọ̀gá Kékeré wọlé. Igbákejì ọ̀gá ni, ọmọ ìyá kan náà sì ni òun àti Ọ̀gá Àgbà. Ó wà nínú ẹgbẹ́ kan tó jẹ́ pé eré ìdárayá tiwọn ni kí wọ́n máa fi ọkọ̀ gun òkè ní gbogbo Sátidé, kí wọ́n máa ya àwòrán. Ọkọ̀ tirẹ̀, tuntun ni, bọ́tìnnì ni wọ́n ń tẹ̀ fún gbogbo ohun tó bá máa ṣe. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́wàá tó ti wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń kun ọkọ̀.

"Rọra, kí lo fi Ìbaaka ṣe?"

"Ẹ káàárọ̀, sà. Mi ò fi ṣe..."

"Mo bi ọ́ ní ìbéèrè, o ń kí mi. Kí lo fi ṣe?"

"Bí mo ṣe gbé e sílẹ̀ ní Fúráìdè, ara rẹ̀ le koko, sà."

"Ta ló fọwọ́ síwèé láàárọ̀ yìí?"

"Èmi ni, sà."

"Ta ló fọwọ́ sí i ní Fúráìdè?"

"Èmi náà ni, sà."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Láàárín ìwọ àti ìwọ, ta ni ká wá mú?"

Ọ̀kan nínú àwọn awọnlẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó rí ojú Màmá Jáàkì, ó sọ ẹ̀rín náà di ikọ́. Ọ̀gá Kékeré ò tíì ṣe tán. "Rọra ni wọ́n ń pè ọ́ o. Àṣé bí èèyàn ò bá sí nítòsí, Sáré ni ọ́."

Kí oòrùn tó dé àtàrí, ìwé ti jáde láti ọ́fíìsì. Rọra kò kàwé lọ títí. Ó fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó ń bá a lọ bí ẹni ń wa ọkọ̀ gba orí afárá igi. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ní Fúráìdè, awakọ̀ kọlu òkúta nítorí àìbìkítà, ó sì fi í pamọ́. Wọ́n ní kó fọwọ́ sí i. Bó bá fọwọ́ sí i, wọn á fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sáwọn tó ń fúnni níwèé ọkọ̀ wíwà, kò sì ní di sítíárìn mú mọ́ láyé.

"Àmọ́ a ò ní lé ọ," Ọ̀gá Kékeré ní, ohùn rẹ̀ ti wá dùn. "Wàá máa bá Bàbá Géètì jókòó. Iṣẹ́ ìjókòó yẹ àgbà. Bí o ò bá fọwọ́ sí i, Ọ̀gá Àgbà á dé ní Wẹ́sídè, wàá sì rí i bí òun ṣe ń lé èèyàn."

Rọra ka ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹta. Àìbìkítà. Ẹ̀rù ń bà á, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan ń hó nísàlẹ̀ ẹ̀rù náà. Òun tó ń kí òkúta! Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta, tí kò mọ iṣẹ́ mìíràn, ẹnì kan ló jókòó sórí àga onírọ̀rí tó fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nù ún kúrò láyé bí ẹni ń nu tábìlì.

"Ẹ jẹ́ kí n gbé e délé, sà. Ojú mi ò ríran dáadáa."

Ìyàwó rẹ̀, aránṣọ ni. Ó wà nídìí ẹ̀rọ nígbà tí Rọra wọlé, ó ń ran ọrùn aṣọ àwọn ọmọ iléèwé. Ó gba ìwé náà, ó kà á, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ.

"Ta ni aláìbìkítà?"

"Èmi ni wọ́n kọ ọ́ sí."

"Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tí a jọ lọ síbi ìgbéyàwó, tó jẹ́ pé kí ẹ tó wà wá débẹ̀, ìyàwó ti fẹ́ẹ̀ máa fa ọmọ lọ́wọ́?"

"Ìyá àwọn ọmọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín."

"Ṣé ẹ rí mi tí mò ń rẹ́rìn-ín ni? Ta ló wa ọkọ̀ yìí?"

Rọra wo ojú fèrèsé, ó ti i, kó tó dáhùn. "Mi ò rí i. Ẹni tí mi ò rí, mi ò lè pè é lórúkọ. Ẹni tí mo sì ń fura sí, àbúrò Ọ̀gá Àgbà ni. Bí mo bá pè é lórúkọ, tí wọ́n ní kí n mú ẹlẹ́rìí wá, ta ni mo fẹ́ mú? Ìbaaka?"

"Ẹ fẹ́ fọwọ́ sí i nìyẹn."

"Ẹ̀rù ń bà mí."

"Ta ló ní kó má bà yín? Kí ẹ̀rù máa bà yín lọ. Èmi náà, ó ń bà mí, ilé yìí ò gba ẹni méjì tí kò níṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá máa purọ́ mọ́ yín, kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn purọ́ náà. Wọn ò gbọdọ̀ yá ọwọ́ tiyín." Ó ká ìwé náà, ó fi í sábẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, pẹ̀lú agbára tó fi jẹ́ pé abẹ́rẹ́ kán.

Ní Wẹ́sídè, Ọ̀gá Àgbà dé. Obìnrin tó sanra díẹ̀ ni, bàtà pẹlẹbẹ ló ń wọ̀, òun náà ti fi ẹsẹ̀ rẹ̀ wọn ilẹ̀ lórí òkè fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó jókòó sí ọ́fíìsì. Wọ́n ti to àga sínú yàrá ìpàdé fún un. Kò jókòó.

"Ọ̀rọ̀ irin, ibi tí irin wà la ti ń sọ ọ́," ló wí. Gbogbo wọn bá tẹ̀ lé e lọ sí ìsọ̀ àwọn mẹkáníìkì. Bàbá Géètì pẹ̀lú ìwé rẹ̀ ló kẹ́yìn.

Ọ̀gá Kékeré bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu rẹ̀. Ó ṣí ìwé Bàbá Géètì, ó fi orúkọ Rọra hàn wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní iyanrìn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò gbígbẹ ni ọkọ̀ náà ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀, kó tó fà sẹ́yìn lọ bá òkúta.

Rọra gbọ́ ọ. Ta ló sọ fún un nípa iyanrìn?

"Àwọn awakọ̀ wa ò mọ iṣẹ́ wọn, òun ló fà á," Ọ̀gá Kékeré ń bá a lọ. Ẹnu rẹ̀ ti gbóná. "Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, kó tó gun òkè, á jẹ́ kí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa fà. Kí ló le níbẹ̀? Ẹ wá wò ó." Ó lọ lóṣòó sídìí ẹsẹ̀ iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, ó fi ọwọ́ lé kókó roboto kan tó wà láàárín rẹ̀, tí ẹrẹ̀ pupa ti bò. "Ìwọ á sọ̀ kalẹ̀. Ìwọ á yí eléyìí, ó ti dè. Ìwọ á padà wọlé, ìwọ á fa jíà kékeré, ó tán. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ti ń fà." Ó dìde, ó gbọn ọwọ́, ó ń wo gbogbo wọn bí olùkọ́ tó ti ṣe ìṣirò tán lójú pátákó.

Nǹkan kan fọ́ nínú àyà Rọra. Kò mọ̀ pé òun ló ń sọ̀rọ̀ títí tó fi gbọ́ ohùn ara rẹ̀.

"Sà. Ẹ̀gbẹ́ kejì ńkọ́?"

"Ẹ̀gbẹ́ kejì wo?"

"Ẹ̀gbẹ́ kejì, sà."

"Kí ló wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì?"

Ọ̀gá Àgbà di ojú, ó là á. Ẹnikẹ́ni tó bá ti bá irú ọkọ̀ àtijọ́ bẹ́ẹ̀ gun òkè rí mọ̀ pé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì ló ní kókó tirẹ̀, méjèèjì sì lèèyàn ń sọ̀ kalẹ̀ fún. Bó o bá de ọ̀kan tó o fi ìkejì sílẹ̀, o dà bí ẹni tó ní kí àwọn méjì gbé igi, tí ẹnì kan fọwọ́ lẹ́rán. Iwájú ọkọ̀ ò ní fa nǹkan kan. Bó o bá sì tẹ iná mọ́ ọn lórí iyanrìn, yíyọ̀ ló máa yọ̀.

Màmá Jáàkì mú àkísà. Ó nu kókó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. "Ó dè," ló wí. Ó yí iwájú ọkọ̀ po lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, níbi tí ọ̀pá ti tẹ̀. Ó ní láti fi èékánná họ ẹrẹ̀ kúrò, nítorí ó ti gan. "Eléyìí tú. Ẹrẹ̀ pupa yìí sì bò ó bí ó ṣe tú. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án."

"Mà," Rọra ní, omi ti ń bọ́ lójú rẹ̀, inú ló sì ń bí i, "bí mo bá ti fẹ́ wọ títì ní Fúráìdè, méjèèjì ni mo máa ń tú. Èèyàn ni mí, mo lè gbàgbé. Àmọ́ bí mo bá gbàgbé, méjèèjì ni mo máa gbàgbé. Ọdún mọ́kàndínlógún! Mi ò lè gbàgbé ìdajì. Wọ́n ní mi ò bìkítà. Ẹ bi àwọn awọnlẹ̀ bóyá mo bìkítà! Ẹ bi òkúta tó wà lórí òkè yẹn!"

Ọ̀gá Àgbà ò wo àbúrò rẹ̀. Bàbá Géètì ló yíjú sí. "Bàbá, ta ló jáde ní Sátidé?"

Bàbá náà fi ìwé mọ́ àyà. "Mà, mo gbé bírò fún wọn. Wọ́n ní ọ̀gá kì í kọ orúkọ. Wọ́n ní bí mo bá sọ ọ́ jáde, kí n máa lọ sílé, iṣẹ́ mi ti tán."

"Ẹ̀gbọ́n mi," Ọ̀gá Kékeré ní, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀, "ẹ jẹ́ ká wọ ọ́fíìsì lọ sọ ọ́."

"Láti ìgbà tí mo ti dé, 'mà' lò ń pè mí. Ìsinsìnyí ni mo wá di ẹ̀gbọ́n?"

Ó ní kí Rọra mú ìwé tí wọ́n ní kó fọwọ́ sí jáde lápò, ó gbà á, ó fà á ya sí mẹ́rin. Ó gba ìwé fífẹ̀ ọwọ́ Bàbá Géètì, ó fa ilà gba orí ìfọwọ́sí Rọra ti Mọ́ńdè, ó sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé ọ̀pá iwájú ti tẹ̀ kí awakọ̀ tó gba ọkọ̀. Ó kọ ọ́ pé Sátidé ni. Rọra ń wo ẹnu bírò náà. Bírò náà dé ibi tí orúkọ yẹ kó wà, ó dúró. Ó dúró fún ìgbà pípẹ́. Ọ̀gá Àgbà fi ìdérí bo bírò náà láìkọ orúkọ kankan, ó pa ìwé dé.

"Rọra, o ò jẹ̀bi. O gbọ́? Kò sẹ́ni tó máa gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ."

"Mo dúpẹ́, mà."

"Ohun tó ṣẹlẹ̀ yìí, àárín ilé ni. Sọ ọ́ lójú gbogbo wa pé ó ti tán, pé o ò mú nǹkan kan sínú. Lẹ́yìn náà ká lọ ṣiṣẹ́."

Rọra wo ìwé tí wọ́n pa dé. "Orúkọ ta lẹ kọ síbẹ̀, mà?"

"Mo ní sọ pé ó ti tán."

"Mo ti sọ tèmi, mà."

"Rọra, má jẹ́ kó le," Ọ̀gá Kékeré ní. Ó gbìyànjú ẹ̀rín. "Ṣebí ọkùnrin ni wá. Sọ ọ́. Ó ti tán. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré."

Ìyẹn gan-an ni ò jẹ́ kó ṣeé sọ. Orúkọ Rọra wà nínú ìwé lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n fi ìka tọ́ka sí i níwájú àwọn èèyàn. Orúkọ ẹni yìí wúwo ju ohun tí bírò lè gbé lọ. Rọra ni wọ́n sì tún wá ń bẹ̀ pé kó wá fi ẹnu ara rẹ̀ gbá ilẹ̀ náà mọ́.

Ẹ̀rù ṣì ń bà á. Gbogbo wọn sì ń rí i.

"Rọra?" Ọ̀gá Àgbà ní.

Ó wo iwájú.

"Rọra, mò ń bá ọ sọ̀rọ̀."

"Mo gbọ́, mà," ló wí. Wọ́n dúró de ìyókù. Kò sọ ọ́.